Omi ìdènà kòkòrò nínú kátẹ́tà

Omi ìdènà kòkòrò nínú kátẹ́tà ni oògùn olómi tí nọ́ọ̀sì máa ń rọ kún inú kátẹ́tà, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi sí iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, lásìkò tí rọ́bà náà kò bá ṣiṣẹ́, kí kòkòrò àrùn má baà sọ ibẹ̀ di ilé. Àwọn tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí àìsàn kíndìnrín ló ń lò ó jù. Kò kan rọ́bà ìtọ̀.

Aláìsàn tó ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú gba Máìlì 12 lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH, Ìkẹjà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, wákàtí 12 péré ni rọ́bà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀. Wákàtí 156 tó kù, àyà rẹ̀ ló wà, nínú òógùn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nílé, lórí ibùsùn. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ lówó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìsinmi rọ́bà tiwọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kòkòrò bíi Staphylococcus ń gbé lára awọ gbogbo wa láìpa wá lára. Bí ọwọ́ tí kò mọ́ bá tú ìdérí rọ́bà, yóò bá a wọlé, yóò lẹ̀ mọ́ ògiri inú rẹ̀, yóò sì fi ohun kan tó ń yọ̀ bora. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ inú àmù tí wọn kò fọ̀ fún oṣù mélòó kan mọ irú rẹ̀: omi lásán kò lè ṣí i, àfi kí èèyàn fi kànìnkànìn ha á. Kò sì sí kànìnkànìn tó lè wọ inú rọ́bà ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò abẹ́ ìbora yìí lè gba oògùn tó le ní ìlọ́po 100 sí 1,000 kó tó kú. Ara èèyàn kò lè gba ìyẹn, ṣùgbọ́n inú rọ́bà lè gbà á.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì yóò fọ ọwọ́, yóò fi sípíríìtì nu ẹnu rọ́bà dáadáa, yóò fi omi iyọ̀ ṣan inú rẹ̀, yóò wá rọ oògùn náà sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rọ́bà, èyí tí kì í sábà ju milílítà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Nígbà tí aláìsàn bá padà dé, wọn yóò kọ́kọ́ fa á jáde. Èyí kì í ṣe eré: ní ọdún 2000, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa citrate, ọ̀kan lára irú omi yìí, tó le tó ìdá 46.7 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí aláìsàn kan kú, nítorí ó lè da lílù ọkàn rú bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Oríṣiríṣi ni oògùn tí wọ́n ń rọ sínú rọ́bà. Heparin nìkan kò pa kòkòrò; kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ló wà fún. Gentamicin àti vancomycin, tí wọ́n jẹ́ oògùn apakòkòrò, ń pa á, àmọ́ kòkòrò lè di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ethanol, ìyẹn ọtí, lè ba àwọn rọ́bà kan jẹ́. Taurolidine kì í ṣe oògùn apakòkòrò irú tiwọn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí kòkòrò borí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, FDA fọwọ́ sí àpòpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú heparin fún àgbàlagbà tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Nínú ìdánwò rẹ̀, ewu àkóràn dín kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti heparin nìkan. Síbẹ̀, kò sí èyí tó lè rọ́pò ọwọ́ mímọ́.

Bí òtútù bá ń gbọ̀n aláìsàn jìgìjìgì kété tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná nílé, ibà ni àwọn ará ilé sábà máa ń pè é, wọn a sì se àgbo. Ẹni tó ní rọ́bà láyà gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí ó tó lo oògùn apakòkòrò kankan.