Ọ̀sà Ìkòròdú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dá ọkọ̀ ìbọn dúró

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, wọ́n já kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹténà kan ní èbúté ọkọ̀ Apápá. Nǹkan ìkọ́lé ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú àdó olóró àti ọta ìbọn. Kọ̀ǹténà 13 ni ẹrù náà, Ìráàn ni wọ́n sì ti kó o wá. Láti ìgbà yẹn, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìbọn tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, Apápá ni àwọn tó ń kọ ìtàn ti máa ń mú un, bíi pé ilẹ̀ yìí kò rí irú rẹ̀ rí. N kò fara mọ́ ọn. Ọmọ Ìkòròdú ni mí. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ lójú omi wa kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹténà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí omi náà ṣe rí ní ayé àtijọ́. Ọkọ̀ ńlá òyìnbó kò lè ráyè wọ Èkó, torí iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà. Ojú agbami ni ọkọ̀ máa ń dúró sí, ọkọ̀ kéékèèké á lọ já ẹrù rẹ̀, wọn á sì gbé e wọlé. Láti Èkó, ọ̀sà pín ọ̀nà fún ẹrù: ìwọ̀-oòrùn lọ sí Àgbádárìgì, ìlà-oòrùn lọ sí Ẹ̀pẹ́, àríwá sì wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí Ẹ̀bútẹ̀ Ìkòròdú, ilẹ̀ Rẹ́mọ ló kàn, ó sì dọ̀nà Ìbàdàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mú ìbọn tó ti ojú òkun wá, kò nílò kó lọ dúró sójú òkun. Orí ọ̀sà ni yóò ti rí i.

Èrò tèmi ni pé wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní Ẹ̀bútẹ̀ kí ogun Ìjàyè tó bẹ́ sílẹ̀ rárá. Kò sí ìlú tó tó ìlú nílẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn tí kò ní bodè. Oníbodè á jókòó síbẹ̀, á gba owó, á wo ẹrù, á bi àlejò ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ìlú tó ń fi ilẹ̀kùn ṣọ́ ọ̀nà oko, tí omi sì ni ọ̀nà ọjà rẹ̀, ṣé yóò wá fi ẹnu omi sílẹ̀ gbayawu? Kò bọ́gbọ́n mu. Kò sì nílò kí wọ́n tú gbogbo ẹrù palẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀tù kì í fẹ́ rí omi. Ẹni tó bá gbé àgbá ẹ̀tù sínú ọkọ̀ á to igi sábẹ́ rẹ̀ kí omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ má bàa kàn án, á tún fi ẹní bò ó lórí. Ìbọn àti òjé tí wọ́n fi ń rọ ọta wúwo ju ata àti èlùbọ́ lọ. Ọkọ̀ èlùbọ́ máa ń gbé etí rẹ̀ sókè, ọkọ̀ ìbọn á rì títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀, àjẹ̀ àwọn tó ń wà á á sì máa lọ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bí sétí ọ̀sà á ti òkèèrè rí èyí. Mo ti bá àwọn apẹja tó ti dàgbà sọ ọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jà mí níyàn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òǹkọ̀wé kì í kà sí. Nígbà tí ọba bá ti ọ̀nà, kì í ṣe ẹnu lásán ló fi ń tì í. Wọ́n á so màrìwò kọ́, wọ́n á sì fi àrokò ránṣẹ́ sí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìjẹ̀bú mọ iṣẹ́ àrokò dáadáa, Rẹ́mọ náà kò sì kẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí màrìwò tó sì kọjá, ó ti mọ̀ pé òun rú òfin. Mo gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú ọ̀nà oko ni wọ́n ń ṣe é létí omi, ìyẹn sì ni òfin àkọ́kọ́ lórí ẹrù tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Àwọn ará Àgbádárìgì máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1808 tó ń ṣọ́ etí òkun. Ẹrú ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń wá, kì í ṣe ìbọn. Lẹ́yìn tí Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851, Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló ń fi ohun ìjà ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá. Ẹni tó ń kó ìbọn wọlé kọ́ ló kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń dá a dúró.

Ti Ẹ̀pẹ́ ṣeé gbọ́ díẹ̀. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, sá kúrò l'Ékòó ní 1851 nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ńlá fọ́ ìlú, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1854, ó bá Kọ́ńsù Campbell tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì fi èbúté Palma sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ oyè Èkó àti òwò ẹrú ló wà nídìí ìyẹn. N kò rí ohun tó kan ìbọn níbẹ̀.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú-Òde náà sì bá wọn lọ, wọ́n ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn láti ìhà méjèèjì. Ṣakabùlà ni ìbọn tí wọ́n fi ń jà nígbà náà, ẹnu ni wọ́n ti ń kì í, ẹ̀tù tí wọ́n ń dà sí i kò sì kéré. Ẹ̀tù yìí kì í hù lóko, ojú omi ló gbọ́dọ̀ ti wá. Àwọn ìlú kan ní Rẹ́mọ kọ̀ láti bá Ìjẹ̀bú-Òde ti ọ̀nà, Ìkòròdú wà lára wọn. Ọ̀dọ̀ wa ni Ìbàdàn ti ń rí ohun tí wọ́n ń yìn. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862, ogun kò tán, ilẹ̀ Rẹ́mọ ló wá dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì jà á títí wọ 1864.

Ẹ̀gbá kò gbàgbé wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1865, wọ́n wá dó ti Ìkòròdú. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró lé lórí rèé: wọn kò wá torí ilẹ̀, wọn kò wá torí oyè. Ẹ̀bútẹ̀ wa ni ihò tí ẹ̀tù ń gbà yọ sí ọ̀tá wọn, wọ́n fẹ́ dí i. Odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló kúrò nílé wá sétí ọ̀sà láti dí ọ̀nà ìbọn. Bí èyí kì í bá ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun tí àwọn aṣọ́bodè àti ọmọ ogun ojú omi ń ṣe lónìí, kí ẹni tó mọ òmíràn sọ ọ́.

John Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, ló ń ṣàkóso Èkó nígbà náà. Ó fẹ́ kí ọ̀nà òwò ṣí. Ó ní kí Ẹ̀gbá kó àgọ́ wọn kúrò, wọn kò kó o. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1865, àwọn ọmọ ogun Hausa rẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti West Indies kọlù àgọ́ náà, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì sí i. Àgọ́ tú ká, òkú sì sùn.

Ariwo tó tẹ̀lé e kò kéré sí ti 2010. Inú Ẹ̀gbá ru sí Gẹ̀ẹ́sì, torí ẹni tó fún wọn níbọn nígbà ogun Dàhòmì ló wá yìnbọn fún wọn yìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 1867, wọ́n kọlù ilé àwọn òyìnbó àti ṣọ́ọ̀ṣì l'Ábẹ́òkúta, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù náà jókòó lórí ọ̀rọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1865 yẹn kan náà, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí ìjọba wọn máa múra láti fi ibẹ̀ sílẹ̀, àyàfi bóyá Sàró.

Ogun Kírìjì tẹ̀lé e. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán àwọn èèyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ogun sì bẹ́. Èkìtìparapọ̀ tó ń bá Ìbàdàn jà ní tiwọn ń rí ìbọn tuntun tí wọ́n ń ti ìdí kì gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn l'Ékòó. Ọ̀sà ìlà-oòrùn ló ń gbé e kọjá lọ sí Oǹdó. Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀nà Ìbàdàn kò gbọdọ̀ ṣí. Ọjà kú mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó wà ní Orù bá Ìbàdàn rẹ́, wọ́n sì lé ọba kúrò lórí ìtẹ́ ní 1883. Ẹ̀pẹ́ ló sá sí, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1885. N kò mọ ìlú mìíràn nílẹ̀ wa tí ọ̀rọ̀ títi ọ̀nà ìbọn ti yọ ọba lóyè.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìpàdé Brussels ní 1890 ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ka ìbọn tuntun léèwọ̀ ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, ó sì fi ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán sílẹ̀. Ọdún 25 ni wọ́n fi pẹ́ ju Ìkòròdú lọ.

Èyí tó kù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní 2010, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn torí pé àdó olóró ti bú l'Ábùjá ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà gan-an, ìdìbò sì ń bọ̀. Nàìjíríà fi ẹjọ́ sun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Gáḿbíà já okùn àárín òun àti Ìráàn, ilé ẹjọ́ l'Ékòó sì rán ọmọ Ìráàn kan àti ọmọ Nàìjíríà kan lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ní 2013. Ní oṣù kìíní 2017, àwọn aṣọ́bodè mú ìbọn 661 tí wọ́n kó sẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, iye rẹ̀ ti di 2,671, wọ́n sì bá 1,100 nínú rẹ̀ láàárín àwo ìfọwọ́ àti àwo ilé ìgbẹ́. Ní Ìkòròdú, ìròyìn yẹn kò dà bí ìròyìn ibòmíràn. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mẹ́ta gbé ní ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú wa, tí àwọn agbébọn sì ń ti inú omi Ìsàwò yọ sí àwọn èèyàn. Ní Ẹ̀bútẹ̀, ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ni pé èyí tí wọn kò mú ńkọ́, ta ló gbé e, ibo ló sì wà? Ní 2024, wọ́n tún mú 844 ní èbúté ọkọ̀ Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ìbéèrè náà kò yí padà.

Bí àwọn aṣọ́bodè bá ń kọ ìtàn iléeṣẹ́ wọn, 1891 ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi T. A. Wall sí ìdí owó tí wọ́n ń gbà lórí ọjà. Ọdún 26 ti kọjá nígbà yẹn lórí ọjọ́ tí àgọ́ Ẹ̀gbá tú. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1865 ni mo fẹ́ kí wọ́n fi síwájú ìwé náà, kí wọ́n sì kọ Ìkòròdú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.