Ìwé Àṣẹ Ìwàásù ní Kàdúná: Ibi Tó Ti Ṣẹ̀ Wá

Lọ́dún 2016, ọ̀rọ̀ kan gba ẹnu gbogbo àwa Yorùbá tó wà ní Kàdúná, láti Kakuri títí dé Sabon Tasha. Bí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi bá ti parí, àwọn ìyá ìjọ á kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: ṣé lóòótọ́ ni pé pásítọ̀ yóò kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ kó tó lè wàásù? Àwọn ààfáà wa ní Tudun Wada náà ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Gómìnà Nasir El-Rufai ló gbé àbá òfin kan lọ síwájú ilé aṣòfin. Àbá náà ní kí oníwàásù máa gba ìwé àṣẹ tí kò ní lò ju ọdún kan lọ, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìwàásù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sáfẹ́fẹ́ níbòmíràn yàtọ̀ sí inú ilé rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá rú u lè fẹ̀wọ̀n jura.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé El-Rufai ló dá a sílẹ̀. Òfin àtijọ́ ló fẹ́ tún ṣe. Ìjọba ológun ló ṣe é lọ́dún 1984, nígbà tí Usman Mu'azu jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fà á yóò ní láti lọ sí Kánò.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Muhammadu Marwa. Ìlú Marwa ní apá àríwá Kamẹrúùnù ló ti wá. Maitatsine ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí aṣépè lédè Haúsá, nítorí pé kò sí ìwàásù rẹ̀ tí kì í ṣẹ́ èpè lé ẹni tí kò bá gba tirẹ̀ gbọ́. Ó ní rédíò kò dára, aago ọwọ́ kò dára, kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò kò dára. Lọ́dún 1962, ní ayé Ẹ́míà Muhammadu Sanusi, wọ́n lé e kúrò nílùú. Ó padà wá. Àwọn ọmọ kéékèèké tó fi abúlé sílẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ kéú, tí wọn kò rí oúnjẹ, tí wọn kò rí ibi sùn, ni wọ́n ń ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò 'Yan Awaki. Ó ń fún wọn ní ibi tí wọn yóò fi orí lé. Mo máa ń dúró síbí yìí nínú ìtàn náà, nítorí pé ibẹ̀ ni àtúnṣe ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ebi ló sì kọ́kọ́ kó wọn síta kí ẹnikẹ́ni tó wàásù fún wọn.

Ní November 1980, Gómìnà Abubakar Rimi kọ̀wé sí i pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 18 December, ọlọ́pàá fẹ́ mú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ogun sì bẹ́. Apá ọlọ́pàá kò ká a. Sọ́jà ló parí rẹ̀ lópin oṣù náà, Maitatsine sì kú níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Aniagolu ṣe alága rẹ̀ ka òkú 4,177.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tún jà ní Bulumkutu ní Maiduguri lọ́dún 1982, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ẹgbẹ́ náà. Àmọ́ ìfòfindè kò dá wọn dúró. Wọ́n jà ní Yola lọ́dún 1984, wọ́n tún jà ní Gombe lọ́dún 1985. Inú ìbẹ̀rù yẹn ni ìjọba Kàdúná ti ṣòfin tirẹ̀: bí fífi òfin de ẹgbẹ́ kan kò bá tó, kí gbogbo oníwàásù kúkú máa gba ìyọ̀ǹda. Okùn tí wọ́n fẹ́ fi de ẹyọ ẹnìkan ni wọ́n fi sọ gbogbo ọrùn.

Kí ìjọba máa sọ ẹni tó lè wàásù àti ibi tó ti lè wàásù kì í sì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí Lugard, ọ̀gá àwọn òyìnbó amúnisìn ní Àríwá, gba Ṣókótó lọ́dún 1903, ó ṣèlérí pé ìjọba kò ní dá sí ẹ̀sìn wọn. Ìlérí yẹn ni àwọn òyìnbó amúnisìn wá ń tọ́ka sí láti dí àwọn míṣọ́nnárì lọ́nà ní àwọn ìlú Mùsùlùmí. Dókítà Walter Miller, míṣọ́nnárì kan tó wọ Zaria lọ́dún 1905, ní láti kó jáde kúrò nínú ìlú olódi lọ sí Wusasa lọ́dún 1929. Àwọn bàbá wa tó bá rélùwéè wá sí Kánò, Sabon Gari ni wọ́n gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí.

Ẹ̀tọ́ tí a ń pariwo lónìí náà ní ìtàn tirẹ̀, àwọn Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni Ìlọrin àti Kabba wà, àwọn kan níbẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá wọn padà sọ́dọ̀ àwọn ará wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn àti ti àwọn ẹ̀yà kéékèèké mìíràn láàárín 1957 sí 1958. Kò gbà kí wọ́n kúrò. Ohun tó dá lábàá ni pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin orílẹ̀-èdè, títí kan òmìnira ẹ̀sìn. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ní abala 38 òfin ọdún 1999. Ṣùgbọ́n abala 45 gba ìjọba láàyè láti dín in kù nítorí ààbò àti àlàáfíà ìlú. Ẹnu abala 45 yẹn ni gbogbo ìfòfindè ń gbà wọlé.

Lọ́dún 1987, ìwàásù Kristẹni kan ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Kafanchan di ìjà tó ràn dé Zaria, tí wọ́n fi dáná sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin ìwé àṣẹ ti pé ọdún mẹ́ta nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni ti Zaria. Ní December 2015, àwọn sọ́jà àti àwọn ọmọlẹ́yìn Sheikh Ibrahim El-Zakzaky, àwọn Ṣíà, kọlu ara wọn. Akọ̀wé ìjọba Kàdúná fúnra rẹ̀ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí pé òkú 347 ni wọ́n sin sínú kòtò kan ní Mando. Kò pẹ́ sígbà náà ni ariwo àbá ìwé àṣẹ gba ìlú kan. Ní October 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé ẹgbẹ́ àwọn Ṣíà náà kò bófin mu mọ́.

Ìjọba ti mú El-Zakzaky láti ọjọ́ ìkọlù Zaria, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì ń wọ́de pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ìwọ́de wọn kó lọ sí Àbújá. Ní 22 July 2019, ìbọn dún níbẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan kú, àwọn olùwọ́de kú, agùnbánirọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ oníròyìn náà kú, orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ fòfin de ẹgbẹ́ náà lábẹ́ òfin ìgbésùnmọ̀mí. Ìjọba nìkan ló rojọ́ lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ẹnìkan bá pa ọlọ́pàá, kí wọ́n mú un, kí wọ́n sì bá a ṣẹjọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń kírun bíi Ṣíà ní Zaria kò pa ẹnikẹ́ni.

Ọdún 2019 yìí kan náà ni àwọn aṣòfin Kàdúná fọwọ́ sí òfin ìwàásù.

El-Zakzaky àti ìyàwó rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé títí di 28 July 2021, nígbà tí Adájọ́ Gideon Kurada ní Kàdúná dá wọn sílẹ̀. Ó ní òfin ọdún 2017 ni wọ́n fi ń ká ẹ̀sùn ọdún 2015 mọ́ wọn lọ́rùn. Àṣẹ tí wọ́n pa ní Àbújá lórí ẹgbẹ́ wọn kò sí lára ohun tí wọ́n gbé wá síwájú rẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án.