Bí Odídẹrẹ́ Ṣe Lè Gba Ìhà Mí Lórí Tábìlì Iṣẹ́ Abẹ

Odídẹrẹ́ kì í ṣe ajá kékeré, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fún un ní oògùn akunnilóorun ní èyí lọ́kàn. Ẹnu ọ̀nà èémí rẹ̀ kò ṣòro rí, nítorí ìdí ahọ́n ló wà láìsí ìdérí. Ṣùgbọ́n òrùka kerekere tó yí ọ̀nà èémí ajá ká ní àlàfo lẹ́yìn, nígbà tí ti ẹyẹ yí po láìlálàfo. Bàlúùnù kékeré tí wọ́n ń fẹ́ lára rọ́bà èémí ajá, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà jò lè dọ́gbẹ́ sí inú ọ̀nà èémí ẹyẹ, nítorí òrùka náà kò lè fẹ̀ fún un. Àpá ọgbẹ́ ọ̀hún sì lè dí ọ̀nà náà lẹ́yìn tí ẹyẹ ti padà sílé. Rọ́bà tí kò ní bàlúùnù ló tọ́ sí i.

Bí hóró irúgbìn bá wá há sí ọ̀nà náà ńkọ́? Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kì í wú, kì í sì í sọ̀ bíi tiwa. Àwọn àpò afẹ́fẹ́, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ 9, ni ẹwìrì rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró dà bí ẹ̀yinná tí atẹ́gùn ń fẹ́ gbà kọjá, ẹ̀yinná kì í sì í bèèrè ihò tí ẹwìrì ti fa atẹ́gùn. Nítorí náà, dókítà ẹranko lè dá ihò sí ìhà òsì, lẹ́yìn eegun ìhà tó kẹ́yìn, kí ó ti rọ́bà kúkúrú bọ inú àpò afẹ́fẹ́, kí ó sì gba ibẹ̀ fún un ní ọ́síjìn àti isoflurane, oògùn akunnilóorun tí wọ́n ń mí símú. Ẹyẹ yóò máa sùn, kò sì ní sí ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀ tí yóò dí ẹni tó ń yọ hóró náà lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ṣàn wọlé láìdáwọ́dúró, ó lè gbá kábọ́ńdáọ́sáìdì inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, tó sì máa ń ti ara láti mí, lọ débi pé ẹyẹ kò ní gbìyànjú láti mí mọ́, síbẹ̀ tí ọ́síjìn kò ní wọ́n ọn. Ètò tó jinlẹ̀ gan-an ni èyí, kò sì sí irú rẹ̀ nínú ara ẹran ọlọ́mú.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí omi tàbí àìsàn bá kún inú àpò wọ̀nyí, rọ́bà ìhà kò lè wúlò. Bí ẹyẹ náà bá sì ń mí fúnra rẹ̀, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbéra sókè sódò kí ẹwìrì tó lè fẹ́, nítorí náà ọwọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ eegun àyà rẹ̀ lè dá èémí rẹ̀ dúró bí ọ̀nà èémí tilẹ̀ là gbalaja.