Àmì ìwúlé inú ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó lè sọ nípa ọpọlọ

Bí ẹ̀gún bá gún èèyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á sì máa ro ó. Ìwúlé nìyẹn: àwọn ọmọ ogun ara ló ti pé síbẹ̀. Nínú àrùn Alzheimer, àrùn ìgbàgbé tó máa ń ṣe àgbà, ìwúlé tí a kò lè fojú rí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, níbi tí purotéènì amyloid ti ń dì mọ́ra. Ó lè ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí àgbà náà tó máa béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. A kò lè la orí wò, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Èyí tí láàbù sábà máa ń yẹ̀ wò ni CRP, purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, nígbà tí purotéènì mìíràn, IL-6, bá fi tó o létí pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lára. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti ń gòkè, ní nǹkan bí ọjọ́ méjì ó ti dé téńté. Bí ó bá lé ní mílígíráàmù 3 nínú lítà kan, ó ga. Bí ó bá kọjá 10, ó sábà jẹ́ pé àìsàn kan wà lára lọ́wọ́: ibà, egbò, eyín tó ti jẹrà. Ibí gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí ẹ̀dọ̀ kì í sọ bóyá ọpọlọ ni tàbí erìgì. Oríkèé tó wú lè gbé CRP ga ju bí Alzheimer ṣe lè gbé e lọ. Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ jẹ́ kí ara yá tán, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó tún àyẹ̀wò náà ṣe.

Purotéènì mìíràn, GFAP, sún mọ́ ọpọlọ ju ìyẹn lọ. Inú astrocyte ló ti ń wá, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rí bí ìràwọ̀, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yòókù. Bí amyloid bá ti ń kó jọ, GFAP á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn kí ìgbàgbé tó fojú hàn. Àmọ́ ẹni tó forí gbálẹ̀ tàbí tó ní rọpárọsẹ̀, tiẹ̀ náà á ga. NfL, tí òun náà jẹ́ purotéènì, kì í ṣe àmì ìwúlé rárá: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ara sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára tó já ló ń tú u jáde, àrùn yòówù kó já a. Ọjọ́ orí àti kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa náà sì ń gbé e sókè.

P-tau217, ẹ̀yà purotéènì kan tó ń jẹ́ tau, ló ń tọ́ka sí Alzheimer fúnra rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í wé amyloid, fún ẹni 55 ọdún sókè tí àmì àìsàn náà ti hàn lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí CRP tó ga máa ra oògùn ìrora fún ìyá tàbí bàbá yín. Wọ́n ti fún àwọn ẹni 70 ọdún sókè, tí àrùn náà wà nínú ẹbí wọn, ní oògùn ìrora naproxen àti celecoxib wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá oògùn náà dúró ní 2004. Kò dènà ìgbàgbé, inú àti kíndìnrín àgbà ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì máa ń bà jẹ́.