Bí páìpù àti ohun gígùn ṣe ń bá òṣìṣẹ́ gòkè lórí ẹ̀rọ agbéniròkè

Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí ilé ìkẹ́rùsí tí àjà rẹ̀ ga, àwọn tó ń fa páìpù omi tàbí páìpù wáyà iná kì í sábà gun àkàbà mọ́. Ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń gbé wọn dé ibi iṣẹ́. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù: scissor lift tó ń gòkè tààrà, àti boom lift tó ní apá gígùn tó lè nà jìnnà kúrò lórí táyà rẹ̀. Pèpéle tí irin ìdènà yí ká ló wà lórí méjèèjì, ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́, irinṣẹ́ àti ẹrù jọ ń wà. Lórí scissor lift kékeré tí wọ́n ń lò nínú ilé, pèpéle yìí kò gùn ju nǹkan bíi mítà 1.6 lọ. Páìpù irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ dé sì sábà máa ń gùn tó mítà 6. Níbo ni kí wọ́n wá gbé e sí?

Irin ìdènà lojú kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí. Ó ga tó nǹkan bíi mítà 1.1, ó sì dà bí ẹni pé ó ti wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ náà: kí wọ́n kàn gbé páìpù lé e, kí orí yọ síwájú, kí ìdí yọ sẹ́yìn. Ọ̀nà yìí ló léwu jù. Nítorí kí èèyàn má bàa ṣubú ni wọ́n ṣe fi irin náà síbẹ̀, ìwọ̀n agbára tí ara èèyàn lè fi tì í ni wọ́n sì fi dán an wò. Wọn kò ṣe é fún ẹrù tí yóò máa fò lé e lórí ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá kọjá lórí ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun. Páìpù rógódó, irin ìdènà náà rógódó, ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn kò tó nǹkan, nítorí náà ìmì díẹ̀ ti tó láti yí i kúrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹrù tó yẹ kó wà nílẹ̀ pèpéle ti gòkè ju mítà kan lọ, ó sì wà ní ọ̀gangan àyà òṣìṣẹ́, níbi tí pátákó ìdarí ẹ̀rọ gan-an wà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi ń ta ráàkì páìpù lọ́tọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lórí boom lift jẹ́ férémù irin méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kìíní pèpéle, èkejì ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú pèpéle ni wọ́n ń tò wọ́n sí. Ìsàlẹ̀ wọn á fara lé ilẹ̀ pèpéle, wọ́n á sì fi bóòtù (bolt) àti kíláàmù so òkè wọn mọ́ irin ìdènà. Ilẹ̀ pèpéle ló ń gbé ìwúwo, irin ìdènà kàn ń di ráàkì mú kó má dojú dé ni. Orí férémù ní apá tó tẹ̀ sókè kí páìpù má lè yí bọ́, bẹ́líìtì á sì dè é mọ́lẹ̀ níbi méjì, ó kéré tán. Àwọn ráàkì mìíràn wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ pèpéle, pàápàá lórí scissor lift. Irú èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́, kò gbọ́dọ̀ dí ẹnu ọ̀nà, kò sì gbọ́dọ̀ bo bọ́tìnì pupa tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ dúró ní pàjáwìrì. Èyí tí wẹ́dà bá fi ojú inú ṣe, tó sì jó mọ́ irin ìdènà, kò yẹ ní lílò rárá. Iná wẹ́dà lè sọ irin ìdènà di aláìlágbára, kò sì sí ẹni tó ti ṣírò ohun tí ẹrù náà yóò ṣe sí ẹ̀rọ lókè.

Ìṣirò ìwúwo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá. Ká mú scissor lift kékeré tí wọ́n kọ 227 kg sí lára. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó 80 kg ti gba 160. Irinṣẹ́ 15 kg, ráàkì fúnra rẹ̀ 10 kg, àpapọ̀ ti di 185. Ohun tó kù fún ẹrù kò ju 42 kg lọ. Páìpù irin oníínṣì méjì tó wọ́pọ̀ (Schedule 40, ìyẹn ìwọ̀n bí ara páìpù ṣe nípọn tó) ń wúwo tó 5.4 kg fún mítà kan. Ọ̀kan ṣoṣo tó gùn ní mítà 6 á jẹ́ nǹkan bíi 33 kg. Ẹyọ kan ni pèpéle yẹn lè gbà, kò gba méjì. Tó bá jẹ́ oníínṣì mẹ́rin ni, ẹyọ kan ń lọ sí 96 kg, kò sí àyè fún un rárá. Ráàkì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n kọ sí i lára, ó sì lè kéré gan-an sí ti pèpéle. Apá pèpéle tí wọ́n ń fà síwájú lórí scissor lift tún ní tirẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 113 kg. Nínú gbogbo wọn, èyí tó kéré jù ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Ẹrù lè wúwo tó bó ṣe yẹ, kó má sì wà níbi tó yẹ. Bí wọ́n bá gbé páìpù mítà 6 sórí pèpéle mítà 1.6, tí wọ́n sì pín in déédéé, mítà 2.2 ló yọ síta ní orí kọ̀ọ̀kan, apá méjèèjì sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì í síwájú títí ìdí rẹ̀ fi wà ní ọ̀gangan ẹ̀yìn pèpéle, àárín páìpù náà ti jáde ní mítà 1.4 síta. Bẹ́líìtì nìkan ló kù tó dì í mú. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ní ohun tó ń wọn ìwúwo, tó ń dún, tó sì ń dá ìgbòkègbodò dúró bí ẹrù bá pọ̀ jù. Àmọ́ iye ìwúwo ló ń mọ̀, kì í sábà mọ ibi tí ẹrù wà. Fún ohun tó gùn tó báyìí, ó sàn kí wọ́n gé e sí mítà 3 nílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn gbé páìpù, kí òṣìṣẹ́ gòkè lọ́tọ̀ láti so ó.

Nígbà tí wọ́n bá ń tú páìpù àtijọ́, nǹkan máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ gòkè pẹ̀lú irinṣẹ́ lásán, ìwúwo kò tó nǹkan, ẹ̀rọ kò dún. Ó gé páìpù, ẹyọ tó gé sì bọ́ sórí pèpéle lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ oníínṣì mẹ́rin tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, omi nìkan ń fi nǹkan bíi 8 kg kún ìwúwo mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 6 rẹ̀ á wá jẹ́ nǹkan bíi 145 kg, tó já lu pèpéle láti òkè. Ẹ̀rọ lè dákú lókè, kó di pé àwọn tó wà nílẹ̀ ní láti fi ìdarí ìsàlẹ̀ gbé òṣìṣẹ́ náà wálẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa omi kúrò, kí wọ́n fi ohun mìíràn di páìpù mú kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì gé e ní kékeré. Lórí boom lift, òdìkejì rẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀: bí ẹrù tó wúwo bá kúrò lórí pèpéle lójijì, apá gígùn náà á fò sókè díẹ̀, ẹni tó dúró lórí rẹ̀ á sì mì.

Bí ẹ̀rọ bá ń rìn, bí ẹni tó ru igi gígùn ló rí: ó yí díẹ̀, ìdí igi gba ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ń darí ń wo iwájú, ìdí páìpù sì ń gbá òpó tàbí èèyàn lẹ́yìn. Bí ìdí páìpù bá ti abẹ́ ìtì irin àjà bọ̀, tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnì òkè, ẹ̀rọ á máa fi agbára háídírọ́líìkì (agbára òróró tí wọ́n fún pọ̀) ti ara rẹ̀ mọ́ ìtì náà. Páìpù á tẹ̀ tàbí kó ta bọ́ lójijì, ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń bá a wá sì wà lára ohun tó lè gbé ẹ̀rọ ṣubú. Nítòsí wáyà iná, orí páìpù ni kí wọ́n fi wọn àyè, kì í ṣe etí pèpéle. Òfin OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, béèrè ẹsẹ̀ bàtà 10, nǹkan bíi mítà 3, sí wáyà tí agbára rẹ̀ kò ju 50 kV (fóòtì 50,000) lọ.

Afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ da páìpù láàmú, pátákó fẹ̀ǹfẹ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́ sára ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù níta.

Lókè, ẹyọ kan ni kí wọ́n máa tú lẹ́ẹ̀kan, kí èyí tó kù ṣì wà ní dídè. Kí wọ́n tó gbéra ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dí ẹnu páìpù, torí pé bóòtù tí ẹnìkan jù sínú rẹ̀ lè yọ jáde, kó sì bà lé ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fa bẹ́líìtì le lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí bí ẹrù ṣe ń dín kù ni bẹ́líìtì ń tú, kí wọ́n sì wo ibi tí orí àti ìdí ohun tó kù máa bà sí nílẹ̀.