Bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀dọ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sára aláìsàn

Tí wọ́n bá ní wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ẹnì kan, ohun tó máa ń wá sọ́kàn èèyàn ni kúlà tí áìsì kún inú ẹ̀, tí wọ́n ń gbé sáré kiri. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ fáwọn tó ń ṣe é, inú kúlà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn èèyàn rò pé òtútù ti dá gbogbo nǹkan dúró, bí ẹja inú fíríìsà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ dì, nǹkan bíi 4°C ló máa ń wà, torí tó bá di yìnyín á fà ya látinú. Ó ṣì ń jẹun nínú òtútù yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni, àmọ́ kò rí ọ́síjìn, torí náà ohun tí ò jó tán ń kó jọ sínú ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá fi wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá so ó mọ́ aláìsàn, tí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ya wọlé pẹ̀lú ọ́síjìn, gbogbo ohun tó ti kó jọ yẹn á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ti ń ṣèṣe jù.

Ẹ̀dọ̀ inú áìsì ò sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ rí ní Ládípọ̀ á mọ ohun tá à ń wí. Wọ́n ti nù ún, ó ń dán, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó dáa. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sanwó, á ní kí wọ́n so bátìrì mọ́ ọn, kí wọ́n bu epo sí i, kí wọ́n sítáàtì ẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, á tẹ́tí sí ìró ẹ̀, á wo èéfín ẹ̀. Àwọn dókítà ò nírú àǹfààní yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú aláìsàn ni wọ́n ti ń sítáàtì ẹ̀dọ̀, ìgbà tí tàtijọ́ ti kúrò níbẹ̀.

Maṣíìnì kan tí wọ́n ṣe ní Oxford ló yí ìyẹn padà. 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn, ní King's College Hospital ní London. Wọ́n á fi páìpù so ẹ̀dọ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ á máa yí po nínú ẹ̀ ní 37°C, ọ́síjìn wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, oògùn tí ò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á padà pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á máa sun òróòro lórí tábìlì láìsí ara èèyàn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24.

Wọ́n wá lè bi í léèrè. Ásíìdì kan wà tó ń jẹ́ lactate, ẹ̀dọ̀ tó ṣì lágbára máa ń gbá a kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ti dáhùn nìyẹn. Ní Birmingham, wọ́n mú ẹ̀dọ̀ 31 tí gbogbo ọsibítù tó ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ní UK ti kọ̀, wọ́n gbé wọn sórí maṣíìnì, 22 yege. Wọ́n gbé e sára èèyàn 22, àbájáde tó jáde lọ́dún 2020 sì fi hàn pé gbogbo wọn ló wà láàyè lẹ́yìn 90 ọjọ́. Ẹ rò ó wò, bí àwọn tó ń dúró de ẹ̀dọ̀ ṣe ń kú, ẹ̀dọ̀ tó ṣiṣẹ́ wà lára èyí tí wọ́n ń kọ̀.

Àmọ́ ẹ́ńjìnì lè sítáàtì dáadáa kí páìpù ẹ̀ má dáa. Mẹ́rin nínú àwọn 22 yẹn, ọ̀nà tí òróòro ń gbà ló fún pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n tún ní láti gba ẹ̀dọ̀ míì. Lactate ò lè sọ bí páìpù ṣe rí. Ní Netherlands, Belgium àti UK, wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ àwọn tí ọkàn wọn ti dáwọ́ dúró sórí maṣíìnì tútù tó ní ọ́síjìn fún wákàtí méjì, ìfúnpọ̀ yẹn sì já láti 18% sí 6%, ọdún 2021 nìyẹn. Tútù ni o! Àìsí ọ́síjìn ni ọ̀tá, òtútù fúnra ẹ̀ kọ́. Ní Groningen, ìlú kan ní Netherlands, báyìí, wọ́n ń kọ́kọ́ fi tútù tó ní ọ́síjìn ṣe é, kí wọ́n tó mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń yẹ òróòro tó ń sun jáde wò pẹ̀lú, torí ọ̀nà òróòro tó bá dáa máa ń dín ásíìdì inú ẹ̀ kù.