Fọ́ráàmù: kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé àsìkò ẹ̀ ò tíì kọjá báyìí tí búlọ́ọ̀gù ti pọ̀?

Lápútọ́ọ̀pù kan wà lọ́wọ́ mi tó máa ń ṣàdéédé sùn. Màá máa tẹ nǹkan lọ jẹ́jẹ́, ojú ẹ̀ á kàn ṣókùnkùn lójijì bíi pé ẹnì kan pa á, tí n bá wá gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀ tí mo ń wò ó, á tún tàn padà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí Google, mo ka búlọ́ọ̀gù tó tó mẹ́jọ, gbogbo wọn ló ní ọ̀nà mẹ́wàá àbí méjìlá tí wọ́n fi ń tún un ṣe, ẹ ṣe update, ẹ pa á kẹ́ẹ tún tan án, ẹ kó gbogbo nǹkan inú ẹ̀ dànù kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, mo ṣe gbogbo ẹ̀ pátá, pàbó ló já sí. Ìgbà tó yá ni mo ṣèèṣì bọ́ sínú fọ́ráàmù àtijọ́ kan, ojú ewé kẹrin ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti ń fà láti bí ọdún mẹ́fà, ẹnì kan tí wàhálà tiẹ̀ jọ tèmi gẹ́lẹ́ ti ń ráhùn láti ojú ewé àkọ́kọ́, àwọn kan ní bátìrì ni, àwọn kan ní ooru ni, ni ẹnì kan bá bi í ní ìbéèrè kan péré: ṣé okùn aago ọwọ́ ẹ ní mágínẹ́ẹ̀tì?

Mo wo ọwọ́ òsì mi. Aago wà níbẹ̀, okùn oní-mágínẹ́ẹ̀tì ló sì ní.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan máa ń wà lára ìdérí ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù, nǹkan kan sì wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì tó ń ṣọ́ ọ, tí ẹ bá ti pa á dé, èyí tó wà nísàlẹ̀ á mọ̀ pé mágínẹ́ẹ̀tì ti dé tòsí, á ní kí ẹ̀rọ sùn. Okùn aago mi ló ń parọ́ fún un ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọwọ́ lé ibẹ̀. Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó máa jókòó kọ búlọ́ọ̀gù lórí ìyẹn, torí ta ló máa rò ó? Ó gba pé kí ẹnì kan wá ráhùn, kí ẹlòmíì gbọ́ ọ, kó sì bi í ní ìbéèrè padà. Ohun tí fọ́ráàmù wà fún gan-an nìyẹn, ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé nǹkan àtijọ́ ni, pé búlọ́ọ̀gù ti gba iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Fọ́ráàmù ni sáìtì tí wọ́n ṣe káwọn èèyàn lè jọ máa sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan pàtó, ó lè jẹ́ kámẹ́rà, ó lè jẹ́ kẹ̀kẹ́, ó lè jẹ́ àìsàn kan tí kò wọ́pọ̀ táwọn tó ní in fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dá sílẹ̀ yẹn àti gbogbo èsì tó bá tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òwú, mo sì fẹ́ràn orúkọ yẹn torí ẹ lè di òwú náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ẹ máa tọ̀ ọ́ lọ títí ẹ ó fi débi tí ìdáhùn wà. Àwọn tó ń mójú tó ibẹ̀ là ń pè ní módérétọ̀, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ tó ṣìnà lọ síbi tó yẹ, wọ́n á yọ èébú àti ìpolówó jìbìtì kúrò, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Búlọ́ọ̀gù ní tiẹ̀, ẹnì kan ló nilé. Òun ló ń pinnu ohun tá a máa sọ lónìí, àlejò ni gbogbo àwa yòókù, a lè kọ kọ́mẹ́ǹtì sísàlẹ̀ àmọ́ a ò lè dá ọ̀rọ̀ tiwa sílẹ̀. Mi ò bú búlọ́ọ̀gù o, tí ẹni tó mọ nǹkan bá fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ láti orí dé ìdí, kò sí fọ́ráàmù tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Fọ́ráàmù tiẹ̀ ti wà tipẹ́ kí búlọ́ọ̀gù tó dé. Ní oṣù kìíní 1978, òjò dídì há Ward Christensen mọ́lé ní Chicago ní Amẹ́ríkà, ni òun àti Randy Suess bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pátákó ìkéde orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní CBBS, oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ̀ǹpútà kan, láìnì tẹlifóònù kan, ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá kù á máa dúró kí onítọ̀hún jáde. Ní 1979, Tom Truscott àti Jim Ellis ní Yunifásítì Duke ronú kan Usenet, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980, òun ló jẹ́ káwọn kọ̀ǹpútà tó jìnnà síra máa gbé ọ̀rọ̀ fún ara wọn. Orúkọ weblog fúnra ẹ̀, oṣù kejìlá 1997 ni Jorn Barger ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́, 1999 ni Peter Merholz gé e kúrú di blog.

Ẹ sì wo ohun tó jáde látinú irú ibi ìjíròrò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1991, ọmọ ilé-ìwé kan ní Helsinki tó ń jẹ́ Linus Torvalds, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kọ ọ̀rọ̀ sí gúrúùpù Usenet tó wà fáwọn tó ń lo Minix, ìyẹn sọ́fítíwíà kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ó ní òun ń ṣe nǹkan kan tó máa máa darí kọ̀ǹpútà, òun kàn fi ń ṣeré ni, pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn àtohun tí wọn ò fẹ́ràn nínú Minix fóun. Ó béèrè, wọ́n fèsì, àwọn kan bá a dá sí i. Nǹkan yẹn ló di Linux, gbogbo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn lónìí, òun ló wà nídìí ẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú bí wọ́n ṣe to fọ́ráàmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fiyè sí, lójú tèmi òun ló ṣe pàtàkì jù. Lórí búlọ́ọ̀gù, ohun tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn ló máa ń wà lókè, tọ̀sẹ̀ tó kọjá á rọ̀ sísàlẹ̀, tọdún tó kọjá á rì pátápátá, kódà kó jẹ́ pé òun ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí ẹni yẹn ti kọ rí. Ní fọ́ráàmù, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń tò ó, ọjọ́ tí wọ́n fèsì sí i gbẹ̀yìn ni. Tírẹ́ẹ̀dì tẹ́nì kan dá sílẹ̀ ní 2009 lè sùn fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá, kí ẹnì kan wá kọ ìlà méjì sí i lálẹ́ àná, láàárọ̀ yìí òun ló máa wà lókè pátápátá, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á rí i. Wọ́n ń pè é ní bump. Àwọn fọ́ráàmù kan kórìíra kéèyàn jí òkú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á ti tírẹ́ẹ̀dì náà pa lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo rò pé àṣìṣe ńlá ni, torí ẹni tí nǹkan tiẹ̀ bà jẹ́ lónìí ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti gbó.

Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí látẹnu àwọn oníbúlọ́ọ̀gù fúnra wọn, Jeff Atwood àti Joel Spolsky, búlọ́ọ̀gù ló sọ àwọn méjèèjì di gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà. Òǹkàwé ò wọ́n wọn. Síbẹ̀ ní 2008 wọ́n jọ dá Stack Overflow sílẹ̀, níbi tẹ́nikẹ́ni ti lè béèrè tẹ́nikẹ́ni sì lè dáhùn, nígbà tó tún di 2013 Atwood bá àwọn kan ṣe Discourse, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ́ fọ́ráàmù. Ó jọ pé wọ́n rí i pé ọgbọ́n tó wà lórí gbogbo àwọn òǹkàwé yẹn pọ̀ ju èyí tó wà lórí àwọn méjèèjì lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an, kì í ṣe búlọ́ọ̀gù. Gúrúùpù WhatsApp ni, Telegram, Discord. Gbogbo èèyàn ti kó wọ ibẹ̀, mo mọ ìdí ẹ̀, ó yá, ó sún mọ́ni, èèyàn béèrè báyìí wọ́n á dá a lóhùn kó tó mu omi tán. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹlòmíì á béèrè ìbéèrè kan náà, ẹni tó dáhùn níjọ́sí á tún dáhùn, tó bá di ìgbà karùn-ún á sú u, á dákẹ́. Google ò lè wo inú gúrúùpù yẹn, àlejò tí wọn ò tíì fà wọlé ò lè mọ̀ pé ìdáhùn wà níbẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an tó bá pààrọ̀ fóònù, ó lè pàdánù ẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o, ọgbọ́n tó pọ̀, inú yàrá tí wọ́n tì ló wà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ iye tí ọ̀rọ̀ gbangba tó. Reddit, tó ti wà láti 2005, tó jẹ́ fọ́ráàmù ẹgbẹẹgbẹ̀rún lábẹ́ òrùlé kan, ní oṣù kejì 2024 òun àti Google ṣe àdéhùn, oṣù karùn-ún ọdún yẹn ló kan OpenAI, àwọn tó ṣe ChatGPT, kí wọ́n lè máa lo ohun táwọn èèyàn ń sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn bíi èmi àti ẹ̀yin ni o, àwọn tó ń ráhùn pé fáànù ń pariwo, àwọn tó ń dáhùn láàárín òru torí oorun ò kùn wọ́n.

Mi ò ní sọ pé fọ́ráàmù ò lálèébù. Wọ́n máa ń jágbe mọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣé o ò lè wá a kóo tó béèrè ni, ìyẹn ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn dànù. Ó sì tún lè kú. Ní oṣù kejì 2017 IMDb, sáìtì ọ̀rọ̀ fíìmù, pa ibi ìjíròrò tiẹ̀, Yahoo Answers di títì ní oṣù karùn-ún 2021. Ní 2017 kan náà ni Photobucket, sáìtì táwọn èèyàn ń kó fọ́tò sí, ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò òun ṣì máa hàn lórí sáìtì mìíràn máa san bíi irinwó dọ́là lọ́dún, bí fọ́tò ṣe ṣófo nínú àìmọye tírẹ́ẹ̀dì nìyẹn, ẹ ó máa ka "ẹ wo ibi tí mo fi ọfà sí," ẹ ò ní rí ọfà, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ìyẹn dùn mí gan-an, torí àwọn tó ya fọ́tò yẹn fara balẹ̀ yà á fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

Ẹni tó ń ráhùn lórí lápútọ́ọ̀pù nínú tírẹ́ẹ̀dì tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, ó padà wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe nìyẹn, wọ́n á kàn kọ "mo ti rí i ṣe, ẹ ṣé," wọ́n á lọ, wọn ò ní sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Tiẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ó ní aago lòótọ́ ni, òun bọ́ ọ, ọjọ́ mẹ́ta rèé kò tíì sùn. Mo forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ pé tèmi náà ni, mo sọ ibi gan-an tó ń fura, ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì tí à ń fi sọ lẹ́tà di ńlá. Mo gbàgbé ẹ̀. Ó lé lọ́dún kan kí ímeèlì tó wọlé pé ẹnì kan ti fèsì, mo tẹ̀ ẹ́, tírẹ́ẹ̀dì yẹn ti padà wà lókè pátápátá, ẹni náà ní òun kì í wọ aago, fóònù òun ni, ó ní òun máa ń gbé e lé ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì yẹn tóun bá ń ṣiṣẹ́, àpò ẹ̀ sì ní mágínẹ́ẹ̀tì.